Ìtẹ̀ka Lábẹ́ Apá Ọkọ̀ Òfuurufú

Nígbà tí páálí náà dé láti Ìlú Òyìnbó, Kùdírátù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun tú u. Ó gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin tó gbé e wá láti èbúté, ó dì í mọ́yà, ó gbé e wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Látífàt, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti ilé ọkọ ní Fola Agoro sáré wá nítorí páálí yìí, kan ilẹ̀kùn títí ó fi sú u.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín tú u.”

“Lọ jókòó ti bàbá ẹ.”

Ẹrù Mùtíù ló wà nínú rẹ̀. Mùtíù ni àkọ́bí, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Kùdírátù bí fún Gbádégẹṣin ọkọ rẹ̀. Ó lọ sí Ìlú Òyìnbó lọ ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ òru dé, ó sùn, kò sì jí mọ́. Dókítà ọ̀hún ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọkàn ọmọ tí kò ṣàìsàn rí, tó ń gbá bọ́ọ̀lù! Kí ni kí ìyá ọmọ fi irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹ̀wù òtútù wà nínú páálí, bàtà wà níbẹ̀, àti Kùránì kékeré tí òun fúnra rẹ̀ tì bọ ọmọ lápò ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó gbé ẹ̀wù kan sí imú. Òórùn ọṣẹ ni. Ó mú òmíràn. Ọṣẹ náà ni. Ọmọ́wálé, ọmọ Ìbàdàn tí òun àti Mùtíù jọ ń gbé lọ́hùn-ún, ti fọ gbogbo aṣọ náà, ó ti lọ̀ wọ́n, ó ti ká wọn bí aṣọ ìtajà. Ọmọ dáadáa ni, oore ló rò pé òun ṣe. Kùdírátù ṣàdúrà fún un, ó sì ṣépè fún un, nínú èémí kan náà. Kò sí Mùtíù nínú aṣọ Mùtíù mọ́.

Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti rí páálí pẹlẹbẹ tí ọkọ̀ òfuurufú wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe èyí tó ń fò o. Ike wẹ́wẹ́ ni, tí wọ́n tò mọ́ ara férémù. Èèyàn á máa gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, á kùn ún, títí yóò fi di àwòrán ọkọ̀ ogun gidi tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Àwòrán ẹ̀yìn páálí náà fi hàn bí ọkọ̀ ọ̀hún ṣe rí láyé Ogun Hítílà: apá méjì lókè, apá méjì nísàlẹ̀, ó ń fò nílẹ̀-nílẹ̀ lórí òkun bí ẹni pé omi fẹ́ kan táyà rẹ̀, bọ́ǹbù gbọọrọ kan sì so mọ́ ọn lábẹ́ ikùn. Mùtíù ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un lórí fóònù. Tọ̀pídò ni wọ́n ń pe bọ́ǹbù náà. Ọkọ̀ á jù ú sínú omi, á máa wẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀ títí á fi lọ kọ lu ọkọ̀ ojú omi àwọn ọ̀tá.

“Èèyàn mẹ́ta ló ń wà nínú ẹ̀, Mọ́mì. Kò ní òrùlé.”

“Tí òjò bá wá dé ńkọ́?”

“Òjò á pa wọ́n náà ni. Ìbọn gan-an ń bẹ nílẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n.”

“Ọmọ ta ni wọ́n rán nírú iṣẹ́ yẹn?”

Mùtíù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní nǹkan kékeré wọ̀nyẹn ló máa ń jẹ́ kí ọpọlọ òun sinmi, tí òun bá ti gbé arúgbó sókè, tí òun gbé arúgbó sílẹ̀, láti alẹ́ mọ́jú. Kò ya ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Láti kékeré ló ti ń ṣa àjákù páálí nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, tí ó ń fi kan ọkọ̀ òfuurufú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó pè é lórí fídíò, ó gbé apá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà sún mọ́ fóònù. “Mọ́mì, ẹ wo ohun tí mo ṣe. Mo fi àtàǹpàkò tẹ gúlúù.” Gúlúù yẹn máa ń yọ́ ike díẹ̀ kó tó gan. Bí èèyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù, gbogbo ìlà ìka rẹ̀ á dúró síbẹ̀, kò sì ní lọ mọ́. “Ẹ má sọ fún Dádì o. Wọ́n á ní kí n tún un ṣe.”

“Ta ni yóò sọ fún un? Èmi kọ́.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé tó jọ jí ẹran jẹ.

Ẹni tí kò bá gbé Bajulaiye ní Ṣómólú rí lè má mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Láti àárọ̀ ni máṣìn ti ń lù gbì-gbì nínú ilé gbogbo, ìwé ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, páálí òògùn, ìwé ìkéde òkú. Gbádégẹṣin ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ìgbà tí ó ti Ìsẹ́yìn wá sí Èkó ní ọ̀dọ́, Kùdírátù sì ni ẹni tó ń bá wọn to ìwé, tó ń ṣẹ́ ẹ, tó ń gán an pọ̀. Nínú iṣẹ́ yẹn, ìtẹ̀ka ni ọ̀tá. Íǹkì kì í kúrò lọ́wọ́ atẹ̀wé bọ̀rọ̀, bí ọwọ́ bá sì kan ìwé oníbàárà, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Oníbàárà á jù ú padà, wọn á tún un tẹ̀. Kò sí ẹjọ́ ńbẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀. Torí náà, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn láti kí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ Mùtíù àti Látífàt láti máa mú ìwé létí. Bí àtàǹpàkò ọmọ bá yà sójú ìwé, bàbá tàbí ìyá, ẹni tó bá wà nítòsí, á gbá a lọ́wọ́ pàá. “Ọwọ́ ẹ!”

Kùdírátù yọ apá ọkọ̀ náà nínú páálí, ó yí i padà síhà ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ìtẹ̀ka náà wà níbẹ̀, ní abẹ́ apá òsì, kedere. Ó rí ìlà ìka ọmọ rẹ̀ tó ń yí po ara wọn. Ó gbé ìka tirẹ̀ lé e, ìka rẹ̀ sì jókòó sínú kòtò kékeré tí ìka ọmọ ti ṣe. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín aṣọ tó ń rùn fún ọṣẹ, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ lé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ sàréè ló jẹ́ kí nǹkan kékeré yìí tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀hún ni wọ́n sin Mùtíù sí. Àwọn mùsùlùmí ìlú náà ló wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n kírun sí i lára, tí wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ́wálé ya fọ́tò sàréè náà, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù Kùdírátù. Ṣùgbọ́n Adéníran, ẹ̀gbọ́n Gbádégẹṣin, ti gba fóònù náà lọ́wọ́ ìyàwó wọn láti ìgbà tí ariwo ti ta. Ní ìdílé tiwọn, òbí kì í rí ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ ìtòsí ni ikú ti ṣẹlẹ̀, wọ́n á mú bàbá àti ìyá jókòó sínú ilé títí àwọn tó lọ sin ín á fi padà dé, ẹnikẹ́ni ò sì ní júwe ibẹ̀ fún wọn láéláé. Adéníran wo fọ́tò náà dáadáa, ó pa á rẹ́, ó dá fóònù padà.

“Ojú ìyá ò gbọdọ̀ rí i,” ó wí, ohùn rẹ̀ tutù bí ti ẹni tó ṣoore.

Ó dá a lójú pé oore ni, èmi náà ò sì ní bá a du àṣà ilé wọn. Àmọ́ òun ti rí i ní tirẹ̀. Ó mọ̀ bóyá koríko ni ó wà níbẹ̀ tàbí òkúta, ó mọ̀ bóyá igi ṣíji bò ó. Ìyá tó bí ọmọ kò mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Kùdírátù pé ọmọ rẹ̀ dà, ibì kan ṣoṣo ló kù láyé tí ó lè nawọ́ sí, abẹ́ apá ọkọ̀ òfuurufú oníke.

Láràárọ̀, bí ó bá ti kírun àsùbáà tán, á ṣí páálí náà, á gbé ìka lé ìtẹ̀ka. “Ṣé o jí ire?” Á dúró díẹ̀, á sì dé e padà. Kò sọ fún Látífàt. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Mùtíù ti ní kó má sọ fún Dádì, ó sì ti fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ pamọ́ kẹ́yìn nìyẹn, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé, tí òun bá sọ ọ́ síta, ọmọ náà á mọ̀.

Gbádégẹṣin ní tirẹ̀ kò ṣí máṣìn láti ìgbà tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ wọ́n. Ìwé ìkéde òkú ìdajì Ṣómólú ló ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, àwọn tó dàgbà tí wọ́n ń bá ọmọ wọn yọ̀ pé wọ́n rí òbí sin. Òkú ọ̀fọ̀ ni ti Mùtíù, wọn kì í tẹ ìwé fún irú rẹ̀. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀, àwọn oníbàárà á kí i, á dáhùn bí ẹni tí oorun ń kùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kùdírátù ti ibi tó ti lọ ṣẹ́ ìwé fún ṣọ́ọ̀ṣì kan dé, ó bá a nínú yàrá, páálí ọkọ̀ òfuurufú ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì níwájú rẹ̀. 

“Ìyá Mùtíù,” Gbádégẹṣin wí. Òun nìkan ló kù tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti sọ ọ́ di Ìyá Látífàt lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí ẹni pé wọ́n ṣèpàdé lé e lórí, kí orúkọ òkú má baà máa ta á létí. “Ọmọ yìí ò tíì kàn án tán.”

“Mo rí i.”

“Ó ku apá òkè. Ó ku táyà, ó ku bọ́ǹbù abẹ́ ẹ̀. Àwọn èèyàn inú ẹ̀ gan-an, kò tíì kùn wọ́n.” Ó ṣí ìwé tí wọ́n ya bí wọ́n ṣe ń ṣe é sí, ó gbé e sún mọ́ ojú. “Èmi á bá a parí ẹ̀.”

Kí ni kí Kùdírátù ṣe? Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin náà ti sọ gbólóhùn tó tó ìyẹn. Ojú rẹ̀ ti là, ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá iṣẹ́. Bó bá ní kó má fọwọ́ kàn án, á béèrè ìdí. Bó bá sọ ìdí, ó ti tú àṣírí ọmọ nìyẹn. Ó ronú, ó wá rí ọ̀nà kan tó rò pé ó gba àárín.

“Bàbá Mùtíù, ẹ dákun, èyí tó ti ṣe, ẹ má yí i padà o.”

Gbádégẹṣin gbójú sókè, ọ̀rọ̀ náà dùn ún. “Ṣé orí mi dàrú ni? Nǹkan tí ọmọ mi fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, kí n wá yí i?”

Ó gbà á gbọ́, nítorí òótọ́ inú ni ọkùnrin náà sọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbádégẹṣin gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó to bíléèdì rẹ̀, ó to ẹ̀mú kékeré, ó gbé awò tí àwọn atẹ̀wé fi ń wo àwọ̀ sí ojú kan. Bó bá ti lẹ ike kan, á dì í mú láì mí, ètè rẹ̀ á máa mì bí ẹni ń ka àdúrà. Ó ń jẹun. Ó ń béèrè ẹran sí i. Kùdírátù á gbé ìwé tó ń tò wá jókòó tì í, àwọn méjèèjì á wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ọjọ́ tó kan àwọn sítíkà tí wọ́n ń rẹ sínú omi kí wọ́n tó fà á lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ó gbé awò sójú, ó pòṣé.

“Wo iṣẹ́ òyìnbó! Rẹ́jísítà wọn yẹ̀, àwọ̀ kan ò jókòó lé èkejì. Funfun yìí ti yọ sápá ọ̀tún. Bó bá jẹ́ èmi ni mo tẹ irú eléyìí ní Bajulaiye ńbí, wọ́n á jù ú lù mí lójú.”

Kùdírátù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tó kan àwọn èèyàn mẹ́ta tó ń jókòó sínú ọkọ̀, ìwé náà ní kí wọ́n kun ojú wọn ní pupa rẹ́súrẹ́sú, bí ojú òyìnbó. Gbádégẹṣin kun ti iwájú bẹ́ẹ̀, ó kun ti ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Fún ti àárín, ó po dúdú mọ́ péńtì pupa náà, ó tún po àwọ̀ igi díẹ̀ lé e, ó ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá ara rẹ̀ wò títí ó fi bá àwọ̀ ara rẹ̀ mu. Ó kun ọkùnrin àárín. Kùdírátù rí i, ó sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ọkọ bá ti lọ ṣe àlùwàlá láàárọ̀, òun á sáré yí ọkọ̀ náà padà jẹ́jẹ́, á kí ọmọ rẹ̀, á dá a padà bó ṣe wà.

Àdúrà ọdún kan ikú Mùtíù kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọmọ Látífàt ṣàìsàn ibà. Kùdírátù gbọ̀nà Fola Agoro lọ bá a tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ló lò. Ibà ọmọ rọlẹ̀, ó sì padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ àdúrà gan-an, pẹ̀lú ẹran àti ìrẹsì lórí kẹ̀kẹ́ márúwá.

Ọkọ̀ òfuurufú náà wà lórí tábìlì, lórí aṣọ funfun. Ó ti parí. Apá òkè ti jókòó lé apá ìsàlẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fà wọ́n mọ́ra, tọ̀pídò so mọ́ abẹ́ ikùn rẹ̀ bí ẹja ńlá. Gbádégẹṣin wọ agbádá funfun, ó fá irùngbọ̀n, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí fọ́tò fẹ́ yà.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Mùtíù,” Kùdírátù wí. Ó wú u lórí ní tòótọ́. Ó nawọ́, ó gbé e.

“Rọra o, péńtì abẹ́ ẹ̀ ṣì tutù díẹ̀.”

Kí ni péńtì tuntun ń wá lábẹ́ rẹ̀? Ó yí i padà. Abẹ́ apá òsì ń dán. Ó gbé ìka lé e, ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ bí àwo tánganran.

“Kí lẹ ṣe síbí?”

“Níbo?”

“Níbí. Abẹ́ apá òsì.”

Gbádégẹṣin tẹ orí wò ó. “Ṣé ìyẹn. Ọwọ́ ló bà á. Ìtẹ̀ka gbàǹgbà kan wà níbẹ̀. Mo fi sáńpépà ha á, mo fi tínà nù ún, mo tún un kùn. O ò lè mọ̀ pé nǹkankan ṣe é rí.” Ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn bó ṣe ń sọ ọ́. “Àwọn èèyàn ń bọ̀ lónìí, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ lára iṣẹ́ Mùtíù.”

Igbe tí Kùdírátù ké, wọ́n gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù ìkejì. Ó gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, pàá, pàá, bí wọ́n ṣe ń gbá àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n kéré. “Ọwọ́ Mùtíù ni! Ọwọ́ ọmọ mi ni! Òun ló tẹ̀ ẹ́! Láràárọ̀ ni mo ń kí i níbẹ̀! Ó fi hàn mí lórí fóònù, ó ní kí n má sọ fún yín, ó ní ẹ ó ní kí òun tún un ṣe! Ó tiẹ̀ kú tán, ẹ ṣì tún un ṣe fún un!”

Gbádégẹṣin kò gba ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó jẹ́ kó gbá a títí ó fi rẹ̀ ẹ́. 

“Mo rò pé ọwọ́ tèmi ni,” ó wí níkẹyìn. “Mo gbé àtàǹpàkò mi lé e, ó bá a mu. Mo ní àṣé mo ti darúgbó tó báyìí, tí mo ń fọwọ́ ba iṣẹ́ jẹ́ láì mọ̀.”

Kùdírátù jókòó sílẹ̀, ó ká aṣọ bo ojú.

Àwọn èèyàn dé. Àáfáà dé, Látífàt gbé ọmọ rẹ̀ dé, Adéníran dé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n ṣe àdúrà, wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó má fi irú rẹ̀ hàn wọ́n mọ́. Bàbá ọmọ wà ní igun kan, ìyá ọmọ wà ní igun kejì, wọ́n ń ṣe àmín láì wo ara wọn. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Adéníran rí ọkọ̀ òfuurufú náà. Ó gbé e, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

“Gbádé, ọwọ́ rẹ mọ́ o! Kò sí àbàwọ́n kan báyìí lára ẹ̀. Bí ẹni pé èèyàn ò fọwọ́ kàn án rí.”

Gbádégẹṣin dìde, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n rò pé ẹkún ló fẹ́ sun, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Kùdírátù ń kó àwo, kò tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ kí ó dùn ún. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó fẹ́ kó dùn ún dé egungun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kírun tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e lọ sídìí tábìlì bó ṣe máa ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ tó rántí pé kò sí nǹkankan níbẹ̀ mọ́. Ó bá Gbádégẹṣin tó jókòó síbẹ̀. Fèrèsé ṣí, òórùn gúlúù gba inú yàrá. Ọkọ̀ náà dojú bolẹ̀ lórí aṣọ funfun. Kùdírátù sún mọ́ ọn, ó sì rí i: ní abẹ́ apá òsì, ní ojú ibẹ̀ gan-an, ìtẹ̀ka.

Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Fún bí èèyàn ṣe ń mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbà pé Ọlọ́run ti dá a padà. Ó nawọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó rí ìlà tó là á kọjá ní ìbú, àpá ọgbẹ́ tí máṣìn ìgéwé ti gé sí àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó bí Látífàt. Ó fa ọwọ́ padà.

“Mo tún un tẹ̀,” Gbádégẹṣin wí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò sùn. Ó ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ pé, bí èèyàn bá ba nǹkan oníbàárà jẹ́, kò ní jiyàn, kò ní bẹ̀bẹ̀, á tún un tẹ̀ ni, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà tọrọ àforíjì. “Ó jọ ọ́, Ìyá Mùtíù. Mo sọ fún ọ pé ó bá a mu. Gbé ọwọ́ lé e.”

“Ọwọ́ yín nìyí.”

“Ọwọ́ mi ni.”

“Ọwọ́ ọmọ mi ni mo fẹ́.”

“Èmi náà.” Ó dé ìgò gúlúù. “Èmi náà fẹ́ ẹ, Kùdí. Ó wà nínú ilé yìí. O ń kí i láràárọ̀, o sì mọ̀ pé mo wà níbí. O ò pè mí.”

 Gbogbo ẹjọ́ tí Kùdírátù ti kó jọ sínú láti àná, tó fẹ́ rò lé e lórí, kò rí ọ̀kan mú nínú rẹ̀. Ó rò ó pé òun ń pa ọ̀rọ̀ ọmọ mọ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọmọ àwọn méjèèjì ti wà lórí tábìlì yẹn, lábẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀, lójoojúmọ́, bàbá rẹ̀ sì ń lẹ táyà, ó ń kun péńtì, kò mọ̀ pé ọmọ wà pẹ̀lú òun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó fọwọ́ kàn án. Ó gbé àtàǹpàkò lé e, ó rò pé ara rẹ̀ ni, ó sì mú sáńpépà.

Níta, ẹnìkan ti tan jẹnẹrétọ̀, máṣìn àkọ́kọ́ ní òpópónà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Gbádégẹṣin dìde, ó gbé kẹ́tùlù omi, ó lọ ṣe àlùwàlá. Kùdírátù jókòó sórí àga tó dìde kúrò lórí rẹ̀. Ó wo ìtẹ̀ka náà títí oòrùn fi dé orí tábìlì. Kò fọwọ́ kàn án, kò sì yí ọkọ̀ náà padà láti fi ìtẹ̀ka pamọ́ bó ṣe máa ń ṣe.